“Its” àbí “it's”? Fílẹ́ẹ̀sì ti bàjẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́ ní Mọ́kọ́lá, ẹ gbà mí

TádàwàMọ́kọ́lá
Ọjọ́bọ̀, 9:14 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, gbogbo ilé. Ọ̀rọ̀ kékeré kan ló fẹ́ ba oṣù yìí jẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbọ́ òyìnbó dáadáa, ẹ dákun, ẹ dá sí i.

Iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni mò ń ṣe ní Mọ́kọ́lá: fílẹ́ẹ̀sì, sítíkà, káàdì ìpè, gbogbo ẹ̀. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni màdámù kan tó ní iléèwé gbé iṣẹ́ wá, fílẹ́ẹ̀sì ẹsẹ̀ bàtà 12 ní 6, ti àjọyọ̀ àwọn ọmọ tó ń jáde. Lára ohun tí wọ́n ní ká kọ sí i ni “Celebrating our school and its graduating class”. Ọmọ iṣẹ́ mi tò ó sórí kọ̀ǹpútà, ó pè mí wò ó, mo ní ó dáa, a tẹ̀ ẹ́. Láàárọ̀ òní ni màdámù gbé fílẹ́ẹ̀sì náà dé ní kíká, ó tẹ́ ẹ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín ṣọ́ọ̀bù, ó sì fi ìka kan ibì kan: “it's graduating class”. Ó ní ṣé irú èyí lòun fẹ́ gbé kọ́ níwájú àwọn òbí tó ń sanwó kí ọmọ wọn lè mọ òyìnbó kọ? Ó ní kí n tún un tẹ̀, òun ò sì ní fi kọ́bọ̀ kan lé e.

Kí n má parọ́ fún yín, mo wò ó títí, mi ò rí ohun tó burú níbẹ̀. Ṣé nítorí kọ́mà kékeré tí wọ́n gbé sókè yẹn náà ni? Ṣebí bẹ́ẹ̀ náà la ṣe ń kọ “Tunde's shop” tẹ́nikẹ́ni kì í bínú? Èwo ló tọ́? Kí ni mo sì lè sọ fún ọmọ iṣẹ́ mi tí kò fi ní ṣe é mọ́? Ẹ má wulẹ̀ ní ká lọ ka gírámà o. Àwa méjèèjì la ti kà á rí.

ỌmọAjòrosùn
Ọjọ́bọ̀, 9:21 alẹ́

Kọ́mà kan ṣoṣo lórí fílẹ́ẹ̀sì ẹsẹ̀ bàtà 12! Ẹ bá mi wá bíléèdì, ẹ jẹ́ ká há a kúrò, kí kálukú máa lọ sílé.

TádàwàMọ́kọ́lá
Ọjọ́bọ̀, 9:24 alẹ́

Mo ti há a. Ibẹ̀ yọ funfun, ó dà bíi pé eṣinṣin ṣu sí i. Ó wá hàn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ìyá Ìbejì Gbági
Ọjọ́bọ̀, 9:30 alẹ́

Ọ̀gá atẹ̀wé, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ti owó. Ṣé ẹ fi àwòrán iṣẹ́ yẹn ránṣẹ́ sí màdámù lórí WhatsApp kẹ́ ẹ tó tẹ̀ ẹ́? Bó bá rí i, tó sì fèsì pé kẹ́ ẹ máa tẹ̀ ẹ́ lọ, ẹ̀yin méjèèjì lẹ jọ jẹ̀bi, ẹ pín in gbé. Bẹ́ ẹ ò bá fi hàn án, ẹ fọwọ́ mú un. Èmi tẹ́ ẹ ń wò yìí ti gba ọ̀rá 500 rí tí wọ́n kọ “Gbabi” sí dípò Gbági. Àwọn ọ̀rá yẹn ni mo fi ń kó ẹ̀wà pamọ́ títí dòní.

TádàwàMọ́kọ́lá
Ọjọ́bọ̀, 9:33 alẹ́

Mi ò fi hàn án. Iná ti ń ṣẹ́jú, mo fẹ́ tẹ̀ ẹ́ tán kí wọ́n tó mú un lọ.

Màmá Tísà
Ọjọ́bọ̀, 9:52 alẹ́

Ọmọ mi, pẹ̀lẹ́. Ọdún 31 ni mo fi kọ́ òyìnbó ní iléèwé girama ní Ìbàdàn yìí kí n tó fẹ̀yìn tì, mo sì lè sọ fún ẹ pé ọmọ iṣẹ́ ẹ nìkan kọ́. Mo ti rí i nínú lẹ́tà ọ̀gá iléèwé. Ṣùgbọ́n màdámù ló jàre.

Kọ́mà tó wà lókè yẹn, àpósítírófì lorúkọ ẹ̀. Nínú “it's”, ibi tí lẹ́tà ti já bọ́ ló dúró sí. Ọ̀rọ̀ méjì ni wọ́n fún pọ̀ di ẹyọ kan: “it is”, tàbí nígbà mìíràn “it has”. Bí àwa náà ṣe ń sọ pé “kó wá”, tó jẹ́ pé “kí ó wá” ni. “It's raining”, “it is raining” ni. “It's been long”, “it has been long” ni. Nínú “its” tí kò ní kọ́mà, kò sí ohun tó já bọ́. Ọ̀rọ̀ kan ni láti ìpilẹ̀ṣẹ̀, iṣẹ́ ẹ̀ ni kó sọ ẹni tó ni nǹkan.

Wàyí o, tú fílẹ́ẹ̀sì ẹ síta. “Our school and it is graduating class.” Ṣó o gbọ́ bó ṣe ń pariwo? Ìyẹn nìkan tó láti mọ̀ pé kọ́mà yẹn ò níṣẹ́ níbẹ̀.

Ní ti “Tunde's shop”, ìbéèrè tó dáa lo bi mí, ibẹ̀ gan-an lẹsẹ̀ ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń yọ̀. Orúkọ ni Tunde, orúkọ sì máa ń gba kọ́mà bó bá ni nǹkan. Àwọn ọ̀rọ̀ tó ń dúró dípò orúkọ kì í gbà á. Wò wọ́n: “his”, “hers”, “ours”, “yours”, “theirs”. Ṣó o ti rí ẹni tó kọ “hi's” rí? Ọmọ ìyá wọn ni “its”. Ilé kan náà ni wọ́n ti wá, kò sì sí ẹnì kankan tó ń dé fìlà nínú ilé yẹn.

Àkẹ́kọ̀ọ́Agbówó
Ọjọ́bọ̀, 10:10 alẹ́

Màmá, ẹ kú àlàyé, ẹ̀mí yín á gùn. Èmi fẹ́ fi ọ̀nà kan kún un tí mo fi ń kọ́ àwọn ọmọ lẹ́yìn iléèwé ní Agbówó níbí. Mo rí i pé ẹni tí òyìnbó ò yé, bó o bá ní kó tú “it's” sí “it is”, òyìnbó lo tún fi lé òyìnbó lórí fún un. Yorùbá ni mo máa ń ní kí wọ́n fi sọ ọ́.

Bí Yorùbá ẹ̀ bá ní “rẹ̀” lẹ́yìn orúkọ nǹkan (“ẹ̀” là ń pè é lẹ́nu), “its” ni, má fi kọ́mà sí i. Bí Yorùbá ẹ̀ bá fi “ó” bẹ̀rẹ̀, “it's” ni, fi kọ́mà sí i.

Ọkọ̀ náà, ilẹ̀kùn rẹ̀ ti bàjẹ́: “its door”. Ó ti bàjẹ́: “it's broken”. Ó ti dé: “it's arrived”. Iléèwé wa àti kíláàsì rẹ̀: “our school and its class”. Ọ̀gá Tádàwà, “rẹ̀” ló wà lórí fílẹ́ẹ̀sì yín, ẹ̀yin sì lọ fi kọ́mà dé e.

Mo tiẹ̀ rò pé Yorùbá tá à ń sọ wà lára ohun tó ń kó bá wa. Nínú “ó dára”, níbo ni “is” wà? “Dára” ti gbé e mì. Etí wa ò gbọ́ pé ọ̀rọ̀ méjì ló wà nínú “it's”, báwo la ṣe máa mọ̀ pé nǹkan kan já bọ́ láàárín wọn?

Onímáíkírà
Ọjọ́bọ̀, 10:26 alẹ́

Ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Inú sún kẹẹrẹ fà kẹẹrẹ ni mo wà ní Ìwó Ròòdù, ni mo bá ń ka tiyín. Ìbéèrè kan péré. Ẹnì kan ń kanlẹ̀kùn, mo ní ta ni, ó ní “èmi ni”. Ní òyìnbó, “it's me”. Àkẹ́kọ̀ọ́, níbo ni “ó” yín wà níbẹ̀?

Àkẹ́kọ̀ọ́Agbówó
Ọjọ́bọ̀, 10:31 alẹ́

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ mú mi níbẹ̀. “Ni” ló ṣe iṣẹ́ yẹn. “Ọjọ́ Ẹtì ni”, “it's Friday”. “Irọ́ ni”, “it's a lie”. Ẹ jẹ́ ká sọ pé bó bá jẹ́ “ó” ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ tàbí “ni” ló parí ẹ̀, kọ́mà wọlé. Ṣùgbọ́n “rẹ̀” ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ máa wá. Òun ló ṣe pàtàkì jù.

Màmá Tísà
Ọjọ́bọ̀, 10:40 alẹ́

Mo fẹ́ràn ti “rẹ̀” yìí, ì bá dáa ká ní mo mọ̀ ọ́n nígbà tí mò ń kọ́ni. Ṣùgbọ́n má jẹ́ kó gùn ẹ́ jù. Àwọn ibì kan wà tí òyìnbó ti ń pe “its” tí Yorùbá ò sì ní pe “rẹ̀” rárá. “The dog is wagging its tail.” Ṣé wàá sọ pé ajá ń ju ìrù rẹ̀? Ajá ń jùrù la máa ń wí. Ta ni yóò tún máa ju ìrù ajá bá a?

Nítorí náà, bó ò bá rí “rẹ̀”, gbìyànjú kó o fi sí i. Bí ọ̀rọ̀ bá ṣì dúró, kódà bó dún bíi ti àlejò, “its” ni.

Àkẹ́kọ̀ọ́Agbówó
Ọjọ́bọ̀, 10:43 alẹ́

Ẹ ṣé, mà. Mo ti kọ ọ́ sínú ìwé mi.

ỌmọAjòrosùn
Ọjọ́bọ̀, 10:47 alẹ́

Gbogbo wàhálà yìí lórí èdè ẹni ẹlẹ́ni. Bí òyìnbó bá ń kọ Yorùbá, ṣé ó máa ń fàmì sí i?

Akàwé Kúdẹtì
Ọjọ́bọ̀, 11:05 alẹ́

Àwọn òyìnbó tó ni ín gan-an, ó pẹ́ kó tó yé wọn. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́, torí ìtàn yìí máa ń dùn mọ́ mi.

Látijọ́, “its” ò sí nínú èdè wọn. “His” ni wọ́n ń lò fún igi, fún iyọ̀, fún ohun gbogbo. Bẹ́ ẹ bá ní Bíbélì King James ti 1611 nílé, ẹ ṣí Mátíù 5:13: “if the salt have lost his savour”. Iyọ̀ ni wọ́n ń pe tiẹ̀ ní “his” yẹn. Ìparí ọ̀rúndún kẹrìndínlógún ni “its” ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí yọjú. Nínú gbogbo King James táà ń kà lónìí, ẹ̀ẹ̀kan péré lẹ máa rí i, ní Léfítíkù 25:5, ní 1611 pàápàá “it” lásán ni wọ́n tẹ̀ síbẹ̀.

Ibi tó wá dùn nìyí. Nígbà tí “its” kọ́kọ́ dé, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń fi kọ́mà sí i! Kò sì dà rú mọ́ wọn lójú púpọ̀, torí “'tis” ni wọ́n ń sábà kọ fún “it is” láyé ìgbà yẹn. Ìgbà tí “'tis” ń kógbá wọlé, tí “it's” gba ipò ẹ̀, ni wọ́n wá bọ́ kọ́mà lórí èyí tó ń sọ ẹni tó ni nǹkan, kí méjèèjì má bàa máa jọra. Òfin ìpìlẹ̀ Amẹ́ríkà tí wọ́n fọwọ́ kọ ní 1787, “it's inspection Laws” ló wà níbẹ̀, ní Abala Kìíní, ìpín kẹwàá. Kọ́mà wà níbẹ̀ gbọnrangandan.

ỌmọAjòrosùn
Ọjọ́bọ̀, 11:08 alẹ́

Ọ̀gá Tádàwà, ó parí! Lọ́la, ẹ gbé òfin Amẹ́ríkà lọ bá màdámù. Ẹ ní bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ ní 1787 lẹ ṣe kọ ọ́.

Ìyá Ìbejì Gbági
Ọjọ́bọ̀, 11:10 alẹ́

Kí wọ́n lọ kó fílẹ́ẹ̀sì náà fún ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà náà, kó bá wọn rà á.

Alátùn-únkà
Ọjọ́ Ẹtì, 6:48 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀. Ìwé ni mo máa ń tún kà fún àwọn tó fẹ́ tẹ̀ ẹ́, àṣìṣe yìí sì ni mo máa ń kọ́kọ́ wá. Ọ̀gá Tádàwà, ẹ bi ọmọ iṣẹ́ yín bóyá orí fóònù ló ti tẹ ọ̀rọ̀ náà. Fóònù máa ń ṣe ọ̀gá. O tẹ “its”, o wojú ẹ̀ padà, ó ti sọ ọ́ di “it's”, kò sì bèèrè lọ́wọ́ ẹni.

Ohun méjì míì wà tí kò sẹ́ni tó tíì mẹ́nu bà. Ẹ ò lè fi “it's” parí ọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá ní “is it ready?”, ẹ ò lè dáhùn pé “yes, it's”. “Yes, it is” ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni “I know what it is”, ẹ ò gbọ́dọ̀ fún un pọ̀ níbẹ̀. Èkejì, “its'” tí kọ́mà ẹ̀ wà nídìí, kò sí nǹkan tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ lábẹ́ ọ̀run. Mo rí i lórí sítíkà kan ní Ṣángo, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ọ́lẹ̀ nínú ọkọ̀.

Bẹ́ ẹ bá sì ń tẹ lẹ́tà tàbí káàdì ìpè tó bu iyì kún ẹni, ẹ kọ “it is” ní gbígbooro. Kò ní kọ́mà, kò sì ní jà.

Màmá Tísà
Ọjọ́ Ẹtì, 7:15 àárọ̀

Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń sọ fún wọn nígbà WAEC: bó o bá ń kọ lẹ́tà sí ọ̀gá ọ́fíìsì, má fún ọ̀rọ̀ pọ̀. Ẹni tó bá gbọ́ràn á bọ́ lọ́wọ́ ìdajì àṣìṣe yìí.

Àkẹ́kọ̀ọ́Agbówó
Ọjọ́ Ẹtì, 8:02 àárọ̀

Ẹ jẹ́ kí n dá ỌmọAjòrosùn lóhùn lórí “èdè ẹni ẹlẹ́ni”. Tiwa ńkọ́? A ní “rẹ” tó jẹ́ tìẹ, a ní “rẹ̀” tó jẹ́ tẹlòmíì. Àmì kékeré kan ló là wọ́n láàárín, bíi ti kọ́mà yìí gẹ́lẹ́. Mélòó nínú wa ló ń kọ ọ́? Mo rí fílẹ́ẹ̀sì ṣọ́ọ̀ṣì kan lẹ́bàá òpópónà: “Oluwa yio gbo adura re”. Àdúrà ta ni? Tèmi ni àbí tẹni tó wà lẹ́yìn mi?

TádàwàMọ́kọ́lá
Ọjọ́ Ẹtì, 8:10 àárọ̀

Mo ti tẹ irú ẹ̀ ju ọgọ́rùn-ún lọ. Kò sẹ́ni tó gbé e padà wá rí.

Onímáíkírà
Ọjọ́ Ẹtì, 8:19 àárọ̀

Ìyẹn ni pé àmín tí mo ti ń ṣe láti ọjọ́ yìí, bóyá elòmíì ni mò ń ṣe é fún.

Èmi náà ní kọ́mà o. “AYE L'OJA” ló wà lẹ́yìn ọkọ̀ mi. Ṣé ìyẹn tọ̀nà?

Àkẹ́kọ̀ọ́Agbówó
Ọjọ́ Ẹtì, 8:30 àárọ̀

Àwọn bàbá wa kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ẹ̀gbọ́n. “N'ile”, “l'oni”, “l'oja”, inú àwọn ìwé àtijọ́ ló kún fún wọn, kọ́mà yẹn sì ń ṣe iṣẹ́ kan náà pẹ̀lú ti “it's”, ó ń fi ibi tí lẹ́tà ti já bọ́ hàn. Ìbàdàn níbí ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ti kọ ìwé lórí àkọtọ́ Yorùbá ní 1965, ní 1974 ìjọba fọwọ́ sí àkọtọ́ tuntun. Lónìí “nílé” là ń kọ, “lónìí”, “lọ́jà”. Tiyín á di “Ayé lọjà”. Àwa ti pa kọ́mà wa tì, a wá lọ ń bá wọn fi tiwọn síbi tí kò yẹ.

Onímáíkírà
Ọjọ́ Ẹtì, 8:34 àárọ̀

Màá fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ọlọ́pàá ti mọ̀ mí mọ́ ọn.

TádàwàMọ́kọ́lá
Ọjọ́ Ẹtì, 1:40 ọ̀sán

Ẹ ṣeun, gbogbo yín. Mo padà lọ wo WhatsApp màdámù. “Its” ló kọ, kò sí kọ́mà kankan níbẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ mi ní orí fóònù òun lòun ti tún un tẹ kóun tó gbé e sórí kọ̀ǹpútà. Fóònù ló ṣe é bí Alátùn-únkà ti wí, ṣùgbọ́n èmi ni mo ní ó dáa, èmi ni mi ò sì fi han onínǹkan. Màá tún un tẹ̀, màá sì fara mọ́ ọn.

Mo mú ọmọ náà jókòó, mo fi ti “rẹ̀” yẹn kọ́ ọ. Mo pe ọ̀rọ̀ mẹ́wàá fún un, ó gba mẹ́sàn-án. “It's a boy” ló ṣì, ó ní kò sí “ó” níbẹ̀. Mo ní “ọkùnrin ni” ńkọ́? Ó dijú, ó ń mi orí díẹ̀díẹ̀. Mo rò pé ó wọlé.

Ìyá Ìbejì Gbági
Ọjọ́ Ẹtì, 4:55 ìrọ̀lẹ́

Ọ̀gá atẹ̀wé, ẹ má bínú sí mi o. Mò ń lọ Sábó lọ́sàn-án yìí, mo gba Mọ́kọ́lá kọjá. Mo rí ṣọ́ọ̀bù atẹ̀wé kan tí wọ́n kọ sí pátákó ẹ̀ lókè pé “GOOD WORK IS IT'S OWN ADVERT”. Pátákó aláwọ̀ búlúù. Ẹ̀yin kọ́, àbí?

ỌmọAjòrosùn
Ọjọ́ Ẹtì, 4:57 ìrọ̀lẹ́

Yéè!

Màmá Tísà
Ọjọ́ Ẹtì, 5:20 ìrọ̀lẹ́

“Iṣẹ́ tó dáa ni ìpolówó ara rẹ̀.” Ọmọ mi, “rẹ̀” wà níbẹ̀ o.

TádàwàMọ́kọ́lá
Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 10:12 àárọ̀

Èmi ni. Láti 2011 ló ti wà níbẹ̀, abẹ́ ẹ̀ ni mò ń gbà wọlé lójoojúmọ́. Ọmọ iṣẹ́ mi gun àkàbà láàárọ̀ yìí, ó há kọ́mà náà kúrò. Ojú ibẹ̀ ṣì funfun. Orí àkàbà ló wà tí màdámù fi wá gba fílẹ́ẹ̀sì ẹ̀. Ó dúró, ó gbójú sókè, ó kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, kò sọ nǹkan kan. Ó sanwó káàdì ìpè 50 míì, ó wá ní kí n kọ́kọ́ fi àwòrán ẹ̀ ránṣẹ́ sóun kí n tó tẹ̀ ẹ́.